Òdòdó Tí A Kà Lọ́sàn-án

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣọ́ ewéko ìgbẹ́. Ìjọba ló gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Wọ́n fún un ní bàtà róbà, alùpùpù kan, àti ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le bíi pákó. Orúkọ gbogbo igi àti ewéko tó ń hù ní agbègbè náà ló wà nínú ìwé yìí. Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, ọkùnrin náà yóò jáde lọ wò wọ́n, yóò sì kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀, yóò kọ pé ó wà nínú ewu. Èyí tí kò tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, yóò kọ pé ó ń dín kù. Èyí tó bá kún ilẹ̀, yóò kọ pé ó pọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kẹrin.

Má ṣe rò pé ọ̀lẹ ni. Igi mẹ́ta kan wà lórí òkè tí kò sí irú wọn ní gbogbo ilẹ̀ náà mọ́. Oṣooṣù ló ń gun òkè lọ wò wọ́n. Ó fi ẹ̀gún ṣe ọgbà yí wọn ká, ó sì ń gbé omi lọ bá wọn nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ìrìn wákàtí méjì. Lọ́jọ́ tí ọdẹ kan ṣẹ́ ẹ̀ka kan níbẹ̀ láti fi dáná, ó wọ́ ọdẹ náà dé iwájú ọba. Àwọn ará ìlú yìn ín, ó sì tọ́ sí ìyìn. Ohun tó ṣọ̀wọ́n kò kéré lójú rẹ̀ rí.

Òdòdó kan wà ní ìlú náà tí wọ́n ń pè ní àjíkí. Ibi gbogbo ló ń hù sí. Ó ń hù lẹ́bàá ọ̀nà oko, lẹ́yìn ṣáláńgá, lára ògiri tó ti wó, láàárín ibojì. Ó pupa, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì funfun. Ìdí kan, òdòdó kan. Tó bá ti tanná, á so, á gbọn irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀, á kú. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́ ló ń là. Kí oòrùn tó dé orí òrùlé, ó ti pa dé, ó ti ká bí ọwọ́ ọmọ tuntun. Ẹni tó bá tètè jí nìkan ló ń kí i, ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn ọmọdé ń fi kun ètè, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́, kò sì tán.

Àṣà kan sì wà níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá kú, àkọ́bí rẹ̀ yóò jáde ní ìdájí, òun nìkan, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ já àjíkí kan ṣoṣo, yóò gbé e lé òkú náà láyà kí wọ́n tó fi aṣọ bò ó. Wọn kì í rà á, wọn kì í rán ènìyàn sí i. Àwọn baba ńlá wọn mọ̀ọ́mọ̀ yan òdòdó yìí ni, nítorí kò sí tálákà tí kò lè rí i. Ohun tí wọ́n gbé lé ọba láyà náà ni wọ́n ń gbé lé alágbe láyà. Kò wá sí wọn lọ́kàn pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọba àti alágbe yóò jọ wá a tì.

Ọdún mọ́kànlá ni ọkùnrin yìí fi kọ ọ́ sí iwájú àjíkí pé ó pọ̀. Lọ́dún kìíní, ó fi ẹsẹ̀ rìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Lọ́dún kejì, orí alùpùpù ló ti wò ó. Láti ọdún kẹta, bó bá ti jẹun ọ̀sán tán, yóò gba títì ọ̀dà tuntun tó yí ìlú ká, yóò rí pupa lọ́tùn-ún, yóò rí pupa lósì, yóò sì dúró lábẹ́ igi máńgòrò kan kọ ọ́ sínú ìwé. Kì í pẹ́ rárá.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó la títì ọ̀dà náà ń ṣiṣẹ́, wọ́n gbin òdòdó kan sí etí gọ́tà kí ilẹ̀ má bàa ya. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti mú un wá. Pupa rẹ̀ jọ pupa àjíkí, ewé rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́. Àmọ́ kò ní funfun lọ́fun, ewé rẹ̀ nírun, kì í sì í pa dé. Láti àárọ̀ títí di alẹ́ ló ń la ẹnu sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi etí gọ́tà sílẹ̀, ó wọ oko, ó wọ ọ̀nà odò, ó wọ itẹ́ òkú. Ibi tó bá dé, àjíkí á kó kúrò níbẹ̀.

Ọkùnrin yìí ní ìyá kan. Òun nìkan ni ìyá bí. Ìyá ń dá gbé nínú ilé àtijọ́ tó wà ní ìpẹ̀kun ìlú, ìbàdí ń dùn ún, ojú rẹ̀ sì ṣì ríran dáadáa. Láti ilé ọmọ dé ọ̀dọ̀ ìyá, àbọ̀ wákàtí ni lẹ́sẹ̀. Lórí alùpùpù, kò tó ohun à ń sọ. Ọmọ náà ń fi iṣu ránṣẹ́, ó ń fi ọṣẹ ránṣẹ́, ó sì bẹ aránṣọ kan tó wà ní ojúlé kejì pé kó máa bá òun yọjú sí màmá. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé, "Màmá ńkọ́?" á ní, "Wọ́n wà dáadáa." Kò mọ̀ pé irọ́ ni. Ohun tí ènìyàn kò yẹ̀ wò, kò lè mọ̀ bóyá irọ́ ni tàbí òótọ́.

Ní àtijọ́, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, ìyá ti sọ fún un pé, "Bí mo bá lọ, má jẹ́ kí ẹlòmíràn já tèmi o. Ìwọ ni kí o já a."

Ọmọ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, àjíkí lásán-làsàn? Bí ẹ bá fẹ́, n ó já apẹ̀rẹ̀ kan."

Ìyá ní, "Ẹyọ kan ni mo fẹ́." Ọmọ sì búra fún un.

Lọ́dún kọkànlá, ó kọjá níwájú ilé ìyá rẹ̀ lórí alùpùpù, ó yà. Kò pa ẹ̀rọ. Ìyá fi ọ̀pá tilẹ̀ jáde wá sí ẹnu ọ̀nà.

"Àkàngbé, pa nǹkan yìí, wá jókòó."

"Màmá, iṣẹ́ ń dúró dè mí."

"Iṣẹ́ náà ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Àjíkí ń lọ o. Mo ti ń wò ó láti ìgbà pípẹ́. Èyí tó kún ẹ̀yìn ilé yìí, n kò rí i mọ́."

"Ó pọ̀, Màmá. Títì kún fún un. Èmi fúnra mi ni mò ń kọ ọ́ sílẹ̀."

"Nígbà wo lo máa ń lọ wò ó?"

"Bí mo bá ti jẹun ọ̀sán tán ni."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi gbé e. Ó fi ọwọ́ ti ara ògiri, ó ní, "Ọmọ mi, àjíkí wo ló ń là lọ́sàn-án?"

Ọ̀rọ̀ náà ta ọmọ lára, nítorí kò sí ọmọdé kan ní ìlú náà tí kò mọ̀ pé àjíkí kì í rí ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ó ti di ẹni tí ìjọba gbé ìwé lé lọ́wọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin wà nínú ilé. Èmi ni mò ń rìn ká."

Ìyá ní, "Ó dára. Ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Wá sí ẹ̀yìnkùlé, mo fẹ́ fi nǹkan kan hàn ọ́."

"Ó di ìgbà mìíràn, Màmá."

Ó lọ. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ bá a dé orí afárá. Nígbà tó fi máa dé iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ti gbàgbé. Lọ́jọ́ kejì, ó jẹun ọ̀sán, ó gba títì ọ̀dà, ó sì kọ ọ́ pé ó pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá rán aránṣọ sí i pé kó wá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní òun ń bọ̀.

Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà tí ìyá kú. Lórí àga ló kú sí, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Aránṣọ ló bá a bẹ́ẹ̀, òun ló kígbe pe ọmọ, òun náà ni wọ́n tètè rán lọ sí ìlú kejì láti lọ pe àbúrò olóògbé. Ó fẹ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀ kó tó lọ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí Màmá…" Ọmọ ní, "Lọ ná, ọkọ̀ ń lọ." Ó bá wọ ọkọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọn yóò sin ín. Bí àkùkọ ti kọ, ọmọ jáde, òun nìkan, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lórí òdòdó. Ó gba ọ̀nà odò. Ó rí pupa, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ọ̀fun rẹ̀ kò funfun. Ó sún síwájú, ó bẹ̀rẹ̀. Ewé rẹ̀ nírun. Ó rò pé odò ló fà á, ó lọ sí ẹ̀yìn ilé ìwé. Ti etí gọ́tà ló kún ibẹ̀. Ó lọ sí itẹ́ òkú, níbi tí àjíkí ti ń hù bíi koríko nígbà èwe rẹ̀. Ó ń ti ibojì kan bọ́ sí òmíràn, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dìde. Ìgbà náà ni ẹ̀rù bà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ó pàdé bàbá àgbẹ̀ kan tó ń lọ sóko. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti lè rí àjíkí?"

Bàbá náà wo fìlà ìjọba tó dé. Ó ní, "Ìwọ lo wá ń bi mí?"

Ọkùnrin náà ṣí fìlà náà kúrò lórí.

Bàbá ní, "Ó tó ọdún mẹ́rin tí mo ti fojú kàn án kẹ́yìn. A rò pé ẹ mọ ibi tó wà. Wọ́n ní ó wà nínú ìwé yín pé ó pọ̀."

"Àwọn tó ń kú ńkọ́? Kí ni wọ́n ń gbé lé wọn láyà?"

Bàbá wo ẹ̀yìn, kó tó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́. "Nígbà tí ìyá àwọn ọmọ mi kú, àkọ́bí wa wá a títí, kò rí i. Ti etí títì ló já. Mo yára fi aṣọ bò ó kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Mo rò pé àwa nìkan lojú tì." Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ lé èjìká, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Báyìí ni ìlú náà ṣe ń sin òkú láti ọdún mẹ́rin. Olúkúlùkù ń fi òdòdó àlejò tan òkú rẹ̀, olúkúlùkù sì ń ti ìlẹ̀kùn ìtìjú mọ́ ara rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún ẹnìkejì, nítorí ìwé ìjọba ní ó pọ̀.

Ọkùnrin náà lè ṣe bí àwọn yòókù ti ṣe. Ṣùgbọ́n ó ti búra fún ìyá rẹ̀. Ó padà sí ilé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ òfo, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kí àwọn ènìyàn tó wà níwájú ilé má bàa rí i. Lẹ́yìn balùwẹ̀, ó rí ọgbà kékeré kan tí wọ́n fi ẹ̀gún ṣe, irú èyí tí òun fúnra rẹ̀ ṣe sí orí òkè. Ìkòkò kan tó ti fọ́ létí wà láàárín rẹ̀. Ilẹ̀ inú ìkòkò náà tutù. Àjíkí kan wà níbẹ̀, ìdí kan, òdòdó kan. Ó là.

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣé."

Nísinsìnyí, gbọ́ mi dáadáa. Ọkùnrin yìí mọ̀ pé ìdí àjíkí kan kì í tanná lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ̀ pé tí wọ́n bá já a, kò ní so. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ ní ìlú náà. Ó dúró lórí ìkòkò náà pẹ́. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kò lè jẹ́ èyí nìkan ló kù. Báwo ni yóò ṣe jẹ́ èyí nìkan? Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ ọ́ pé ó pọ̀. Dandan ni kí òmíràn wà níbìkan. Ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fi irọ́ kún ló wá gbára lé. Àwọn tó wà níwájú ilé ń pe orúkọ rẹ̀, pé oòrùn ń yọ, pé òdòdó yóò pa dé.

Ó na ọwọ́ wọ inú ẹ̀gún, ó já a.

Nígbà tó gbé e lé ìyá rẹ̀ láyà, àwọn ènìyàn sún mọ́ ọn. Àwọn kan níbẹ̀ ti gbàgbé bó ṣe rí. Obìnrin arúgbó kan fi ọwọ́ kan funfun inú ọ̀fun òdòdó náà, ó sì sunkún fún ọkọ tirẹ̀ tí kò rí i gbà. Gbogbo wọn ní ọmọ gidi ni. Wọ́n fi aṣọ bo ìyá, wọ́n sì sin ín.

Ọ̀sán ni aránṣọ dé pẹ̀lú àbúrò olóògbé. Ó sunkún níwájú ilé, ó wá bu omi sínú agolo, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, bó ti máa ń ṣe lójoojúmọ́. Igbe tó ké lẹ́ẹ̀kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọmọ olóògbé sáré bá a.

Ó ní, "Ta ló já a?"

"Èmi ni. Mo búra fún Màmá."

Aránṣọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Agolo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Màmá ní kí n sọ fún yín. Wọ́n ní bí àwọn bá kú, kí ẹ má já a fún àwọn. Wọ́n ní kí ẹ jẹ́ kó so, kí ẹ gbọn irúgbìn rẹ̀ sí igbó òkè, níbi tí òdòdó etí títì kò tíì dé. Wọ́n ní ó tẹ́ àwọn lọ́rùn kí àyà àwọn ṣófo ju kí ọmọ ọlọ́mọ máa wá a káàkiri. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ pè yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá. Láàárọ̀ àná náà, mo fẹ́ sọ ọ́."

Ọkùnrin náà wo inú ìkòkò. Igi òdòdó náà ti tẹ orí ba. Wọ́n bu omi sí i fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kẹwàá, wọn kò bu omi sí i mọ́.

Ọdún méjì ló fi wá a. Kò gun alùpùpù mọ́. Ìdájí ló ń jáde lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ ló ń fi rìn. Ó dé ìdí gbogbo àpáta, ó dé orísun odò, ó gun òkè níbi tí igi mẹ́ta rẹ̀ wà nínú ọgbà, tí ara wọn le koko. Kò rí i. Ní òpin ọdún kejì, ó ṣí ìwé ńlá náà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó wà níbẹ̀ kò bá a mu mọ́. Ó kọ ọ́ síwájú orúkọ àjíkí pé, "Ó ti tán. Èmi ni mo já èyí tó gbẹ̀yìn."

Ìwé náà lọ sí olú-ìlú. Nígbà tó padà dé, wọ́n ti fi yíǹkì pupa fa ìlà lé ohun tó kọ. Ọ̀gá kan tí kò dé ìlú náà rí ní ohun tó pọ̀ fún ọdún mọ́kànlá kò lè tán báyìí. Ó ti kọ ọ́ padà fúnra rẹ̀ pé ó pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ọ̀rẹ́ mi, àkàwé náà parí, ìwọ ni mo sì pa á fún. Mo mọ̀ pé ohun tó ṣọ̀wọ́n kò kéré lójú rẹ. Bí àlejò pàtàkì bá dé, o ń dìde fún un. Bí ọ̀gá rẹ bá sín, o ti dé ibẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ lójoojúmọ́ ni o kò bẹ̀rù pé yóò tán. Aya tó ń dáná fún ọ, ọ̀rẹ́ tí kì í bínú, ará ilé tí kì í béèrè nǹkan, o ti kọ ọ́ síwájú orúkọ gbogbo wọn pé wọ́n pọ̀, o sì ti ìwé náà pa. Orí alùpùpù lo ti ń kà wọ́n. Wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ọkùnrin yẹn kò sunkún nítorí pé kò fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ dáadáa. Kò yà wò ó ni.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo bi ọ́ pé ìyá rẹ ńkọ́. O kò tilẹ̀ gbójú sókè. O ní, "Wọ́n wà dáadáa." N kò bi ọ́ pé ìgbà wo lo rí wọn kẹ́yìn, nítorí àwọn ènìyàn wà lọ́dọ̀ wa, n kò sì fẹ́ dójú tì ọ́.

Mo ń bi ọ́ nísinsìnyí tó ku èmi àti ìwọ. Má dá mi lóhùn. Lọ sọ́dọ̀ wọn lọ́la, pa ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ, kí o sì jókòó. Bí wọ́n bá ní kí o wá sí ẹ̀yìnkùlé wá wo nǹkan, tẹ̀ lé wọn. Àárọ̀ ni kí o lọ o. Má jẹ́ kí ó di ọ̀sán.